Ọkọ̀ Àlòkù Tó Gba Ọmọ, Tó sì Dùn ún Wà

Ní Tatonnonkon àti àwọn abúlé Adja-Ouèrè yòókù ní ilẹ̀ Benin, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù fún ìdílé rẹ̀ a máa béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: èló ni wọ́n ń tà á, báwo ló ṣe ń mu epo sí, ṣé àwọn ọmọ á gba inú rẹ̀? Bó bá ṣèèṣì béèrè ìkẹrin, pé ṣé ọkọ̀ náà dùn ún wà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Ṣé ó fẹ́ lọ bá wọn sá eré ìje ni? Ohun tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn ni èrò pé adùn ọkọ̀ jẹ́ ti àpọ́n àti ti olówó, pé ẹni tó ti di bàbá ọmọ tàbí ìyá ọmọ ti kúrò nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ìbéèrè kẹrin yẹn ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí pé ohun tó ń mú ọkọ̀ dùn ún wà lójú ọ̀nà wa, òun náà ni kì í jẹ́ kó ná ẹni ní ìnákúnàá, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọmọ tó jókòó sẹ́yìn. Ohun náà ni pé kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí ó má ga gogoro, kí ó sì máa tètè gbọ́ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ bá sọ fún un.

Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ adùn, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Ìyẹn kọ́. Ọ̀nà tó ti Sakété lọ sí Pobè lọ́dà, ṣùgbọ́n kété tí ènìyàn bá yà kúrò lórí ọ̀dà wọ inú abúlé, ilẹ̀ pupa ló kù, tí àgbàrá ti gbẹ́ ní ihòihò, tí eruku rẹ̀ kì í jẹ́ kí a rí iwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ibi tí ènìyàn ti fẹ́ sáré 150 kìlómítà ní wákàtí kan lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbára tó bá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, ẹrù lásán ni. Adùn ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn yí sítíárìn díẹ̀, kí imú ọkọ̀ sì yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti yẹ kòtò. Kí táyà bọ́ sínú ihò kó sì jáde, kí ara ọkọ̀ má mì tìtì. Kí ènìyàn tẹ bíréèkì nígbà tí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, kí ọkọ̀ dúró láìfì sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Àjàṣẹ́ wálé kò ní í sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kò sì ní í bì.

Pé owó pọ́ọ́kú, àyè àti adùn lè jọ gbé inú ọkọ̀ kan ṣoṣo, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi Mini hàn wá láti 1959. Ọ̀wọ́n epo ló bí i. Rògbòdìyàn Suez ti 1956 ti mú kí ìjọba wọn máa wọn epo fún ará ìlú, ni ilé-iṣẹ́ BMC bá ní kí Alec Issigonis ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní í mu epo púpọ̀. Ó dá ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú síwájú, ó lé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgbàlagbà mẹ́rin sì gba inú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ọkọ̀ ìje. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi agbára díẹ̀ kún un, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Monte Carlo ní 1964, ní 1965 àti ní 1967, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ju tirẹ̀ lọ fíìfíì ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fífúyẹ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ni mo ń wá lọ dé Monte Carlo, nígbà tí ẹ̀rí wà nílé? Àwọn àgbà agbègbè wa mọ Peugeot 404 àti 504, pàápàá èyí tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta tí àwọn Faransé sọ ní familiale, èyí tó túmọ̀ sí ọkọ̀ ìdílé. Ọkọ̀ yẹn ló di takisí tó ń kó èrò, àgbàdo àti adìyẹ láti ìlú dé ìlú. Peugeot 404 gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Nígbà tó di 1975, 504 náà gbà á, Ove Andersson ará Sweden ló wà á. Ẹrẹ̀ àti eruku ni ọ̀nà ìdíje náà, ó jọ tiwa ju ti Monte Carlo lọ. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna. Ẹ́ńjìnnì 504 tí gbogbo ayé mọ̀ kò ju lítà méjì lọ, agbára rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn ọkọ̀ òde òní. Ohun tó ní ni sípíríìnì tó gùn tó sì rọ̀, tó ń jẹ́ kí táyà máa tẹ̀ lé ojú ilẹ̀ bí ó ti rí, àti, ní ti oníjòókòó ìlà mẹ́ta, àlàfo mítà 2.90 láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ń yìn ín pé ó lágbára, lójú tèmi, ìgbọràn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yìn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra 504 fún àwọn ọmọ rẹ̀ lónìí. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti ṣe é mọ́ nílẹ̀ Faransé, kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba orí ẹni là, ìpẹtà sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dé egungun. Ìwà rẹ̀ ni ká wá lára ọkọ̀ mìíràn.

Ọkọ̀ mìíràn wo? Ọjà máa ń dáhùn ìyẹn ká tó dáhùn. Ìròyìn tí àjọ UNEP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2020 sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kútọnu jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ní lọ́kàn jù, Nàìjíríà ni. Ìdí nìyí tí Toyota tó ti Amẹ́ríkà wá fi kún ibẹ̀, torí ohun tí oníbàárà ńlá fẹ́ ni ọlọ́jà ń kó. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé ní oṣù Kìíní 2017, ọjà náà dẹ̀, àmọ́ Toyota kò tán níbẹ̀. Àǹfààní wà nínú ìyẹn fún wa. Ọkọ̀ tí aládùúgbò ńlá fẹ́ràn ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ń wọ́pọ̀, tí mẹkáníìkì Ikpinlè àti ti Pobè sì lè fi ojú tó dì tú.

Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, èyí tí mo fẹ́ kí ènìyàn wá ni Toyota Matrix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Kánádà ní 2002. Corolla ni nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ti Corolla ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ ga díẹ̀ sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ìjókòó ẹ̀yìn sì ṣeé dà délẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí a bá fẹ́ kó ẹrù. Èyí tó bá ní jíà ọwọ́ ló dùn jù, òun náà ni àtúnṣe rẹ̀ kì í wọ́n. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, Corolla Verso tó jáde ní Yúróòpù ní 2004 ní ìjókòó méje, síbẹ̀ kò wúwo bíi bọ́ọ̀sì. Àwọn kan á dárúkọ Mazda 5 fún mi, òótọ́ sì ni pé ó dùn ún wà ju méjèèjì lọ, torí ara ìdí kan náà tí wọ́n fi ṣe Mazda 3 ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò kó ṣí síta, èyí tí ọmọ kékeré kò lè fi gbá ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n adùn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kó tó rí páàtì kì í ṣe adùn mọ́.

Ibi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ bá mi jà ni ọ̀rọ̀ jíìpù. Wọ́n á ní ọ̀nà wa burú, pé ọkọ̀ tó bá ga nìkan ló lè dé ibẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àlàfo tó wà láàárín ikùn ọkọ̀ àti ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ẹni tí òkúta tàbí gọ́tà jínjìn bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ikùn tó ga yàtọ̀ sí orí tó ga, ohun tí ọ̀pọ̀ jíìpù sì ń tà fún wa ni gíga orí. Púpọ̀ nínú RAV4 àti CR-V tó ti Amẹ́ríkà wá, táyà iwájú méjì péré ni ẹ́ńjìnnì wọn ń yí, gẹ́gẹ́ bíi ti Corolla. Ní ti èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí apá Issaba nígbà òjò, sínú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, amọ̀ tó ń wú bó bá mu omi tó sì ń là bó bá gbẹ. Òun náà yóò rì, yóò tiẹ̀ tún jinlẹ̀ sí i torí ìwúwo rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti mọ̀ pé ńṣe ni ènìyàn ń dúró kí ilẹ̀ gbẹ.

Gíga orí yẹn sì ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2000, Firestone ní kí wọ́n dá táyà mílíọ̀nù 6.5 padà, púpọ̀ nínú wọn ló wà lábẹ́ jíìpù Ford Explorer. Táyà ń bó lórí eré, jíìpù ń dojú dé, ó sì lé ní 200 ènìyàn tó bá a lọ ní Amẹ́ríkà. Ford àti Firestone ń di ẹ̀bi ru ara wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ̀bi nínú wọn, ohun tó ga tó sì dín ní ìbú ni yóò kọ́kọ́ ṣubú nígbà tí awakọ̀ bá yà kíákíá láti yẹ ènìyàn, yíyà kíákíá sì ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ lójú ọ̀nà wa. Owó epo rèé náà. Ká ní ìdílé kan ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù. Ọkọ̀ bíi Matrix lè mu lítà 9 nínú 100 kìlómítà, jíìpù oní-sílíńdà mẹ́fà lè mu 13. Ogójì lítà ló fi jù ú lọ lóṣù kan. Bí lítà bá jẹ́ 700 sẹ́fà, 28,000 nìyẹn, èyí tó ju ìdajì 52,000 tí ìjọba Benin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ló ń bo ìṣirò yìí mọ́lẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà, owó kpayo fúnra rẹ̀ ti di gọbọi. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, n kò sì lè fi ẹ̀rín dá a lóhùn: kí ni ènìyàn ń fi ọkọ̀ ṣe nígbà tí alùpùpù wà? Owó rẹ̀ kéré, ó ń gba ọ̀nà oko tí ọkọ̀ kankan kò lè gbà, zẹ́mìjàn, ìyẹn alùpùpù akérò, sì ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé. Mo gbà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ọkọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ tán kò gbọ́dọ̀ ta alùpùpù tó fi ń lọ sóko. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí lójú pópó ní òwúrọ̀ ilé-ìwé ni bàbá tó gbé ọmọ kan síwájú, tí méjì há sí àárín òun àti ìyá wọn, tí akoto kan ṣoṣo, bó bá tiẹ̀ wà, jókòó sórí bàbá. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2023 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún káàkiri ayé, pé òun ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ, àti pé Áfíríkà ni iye náà ga jù sí tí a bá fi wé iye ènìyàn. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ àyè fún ọmọ, n kò sọ̀rọ̀ ìgbádùn. Ìjókòó tirẹ̀ àti bẹ́líìtì tirẹ̀ ni mo ń sọ.

Ẹnìkan lè wá fi ọ̀rọ̀ mi dá mi lẹ́bi: bí ọkọ̀ bá ní àyè, ṣé kì í ṣe pé a ó kàn tún kó ènìyàn kún un ni? Ìjókòó márùn-ún á gba mẹ́jọ, búùtù á gba àpò àgbàdo méjì, òrùlé á gba bẹ́ẹ̀dì. Ìṣe wa ni, ojú àánú ló sì sábà máa ń fà á, torí ta ni yóò fi ìyá arúgbó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà? Síbẹ̀, lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí kò pẹ́ jù, ìwé kékeré kan wà tó sọ ìwúwo èrò àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé, àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ fún táyà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ìwúwo náà kò jìnnà sí 400 kìlò. Bàbá 75, ìyá 65, ọmọ mẹ́ta 90, àpò àgbàdo méjì 200: a ti kọjá 400, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wọ inú rẹ̀ kún wa. Níbí yìí ni ìfẹ́ adùn ti ń ṣiṣẹ́ ju òfin lọ. Awakọ̀ tí kò mọ adùn ọkọ̀ rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó pòórá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, kété tí sítíárìn bá ti fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìdí ọkọ̀ sì ń wọ́lẹ̀, ara rẹ̀ á sọ fún un pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo rò pé ìbéèrè kẹrin ti wúlò jù, ìyẹn ọjọ́ tí a lọ wo ọkọ̀. Ẹni tó ń wo ọ̀dà nìkan, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà ló ń rà. Ẹni tó ń wá adùn yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wà á lórí ibi tó rí ṣágiṣàgi, etí àti ọwọ́ rẹ̀ á sì bá a ṣe àyẹ̀wò: ṣọ́ọ̀kì tó ti kú á máa jó, jíà tó ti jẹ á máa lọ́ra, ọkọ̀ tí jàǹbá ti tẹ ìdí rẹ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òǹkà kìlómítà ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì tó ti jẹ dé irin kò lè purọ́. Kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà: òǹkà mẹ́rin kan wà ní ìparí àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, bó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, ihò ara rẹ̀ ìbáà ṣì jinlẹ̀. Ohun kan wà tí ojú kò lè rí, òun ló sì burú jù fún ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù níhìn-ín. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ní àléébù tí ooru àti ọ̀rinrin ọjọ́ pípẹ́ ń mú burú sí i: bó bá bú nígbà jàǹbá, irin ló ń tú sójú awakọ̀. Bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà, àwọn Corolla, Matrix, CR-V àti Sienna ọdún kan wà nínú wọn, ooru àti ọ̀rinrin sì ni ojú ọjọ́ wa. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà ara rẹ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ni ènìyàn yóò tẹ̀ sí ojú ìwé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù lásán tó láti ṣe é, yóò sì sọ bóyá wọ́n ti pàrọ̀ àpò náà tàbí wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni kí ènìyàn ti ṣe èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́jú owó bọ̀ láti ìgbà ìkórè, ẹ má dá nìkan lọ sí Kútọnu. Ẹ kó àwọn ọmọ dání. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálùkù fa bẹ́líìtì tirẹ̀ kó sì dè é, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹyọ ọmọ kan bá kù tí kò rí bẹ́líìtì fà, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa lọ síbi òmíràn.